DX-60 tí píléètì 6146 rẹ̀ ń pọ́n kí a tó tẹ kíì: ibo ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọRédíò (Maryland)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ra ẹ̀rọ àtagbà Heathkit DX-60 kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan nítòsí Baltimore. Ẹni tó ni í tọ́jú rẹ̀ gan-an, nítorí pé ìwé ẹ̀rọ náà àti àwòrán wáyà rẹ̀ ṣì wà lódindi nínú ọ̀rá. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ Heath ní Benton Harbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló gbé e jáde ní 1962 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí olùrà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Túúbù 6CL6 kan ló ń bí ìgbì láti ara kírísítà (àwẹ́ òkúta tó ń pinnu iye ìgbì), 6CL6 kejì ń fi agbára kún un, 6146 ni túúbù àṣekágbá tó ń tì í lọ sí éríà, 12AX7 àti 6DE7 sì wà fún ohùn.

Ohun tí mo rí nìyí. Mo so dummy load 50 ohm (ohun tó ń gba agbára ẹ̀rọ dípò éríà) mọ́ ẹnu ibi tí éríà ń wọlé sí, mo yí súwíìṣì sí CW (ìtàtagbà Morse), mo sì fi mítà sí PLATE (kọ́rẹ́ǹtì píléètì). Kí n tó fọwọ́ kan kíì Morse rárá, abẹ́rẹ́ mítà ti kọjá 100 mílíámpù, kò sì pẹ́ tí píléètì, irin tó ń gba kọ́rẹ́ǹtì inú 6146, fi bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí mo tún tàn án fún ìgbà díẹ̀ tí mo tẹ kíì, kọ́rẹ́ǹtì gíríìdì (irin tó ń darí kọ́rẹ́ǹtì inú túúbù) kò tó nǹkan, bí mo sì ti ń yí kọ́ńdẹ́ńsà píléètì tó, mítà kò sọ̀ kalẹ̀ níbi kankan bí ìwé ṣe ní kó ṣe. Ṣé kí n lọ ra 6146 tuntun ni, àbí ohun mìíràn ló yẹ kí n wò ṣáájú?

Bàbá Túúbù (Houston)

Àbúrò, o káre tí o tètè pa á. Má tíì náwó sórí túúbù, nítorí pé bí ohun tó ń mú ti àkọ́kọ́ pọ́n bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ, yóò mú èyí tuntun náà pọ́n. Àmọ́ kí a tó dé orí ìyẹn, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ààbò, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o má ka á bí ẹni ń sáré kọjá.

Iná tó wà lórí fìlà irin tó wà lókè 6146 ju 600 fóltì lọ, kò sì di dandan kó kú nígbà tí o bá pa súwíìṣì. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú ẹ̀rọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Rèsísítọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa iná náà kúrò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ogbó bá ti já a, kò sí ohun tí yóò sọ fún ọ pé iná ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, wá igi gbígbẹ tàbí páìpù ọ̀rá tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, fi ìkọ́ irin sí ẹnu rẹ̀, kí o sì fi wáyà tó nípọn so ìkọ́ náà mọ́ rèsísítọ̀ ńlá kan bíi 1,000 ohm, kí ìdí rèsísítọ̀ yẹn sì so mọ́ ara irin ẹ̀rọ. Yọ wáyà iná kúrò lára ògiri ná, kì í ṣe súwíìṣì nìkan. Kan ìkọ́ mọ́ ibi tí iná gíga wà, dúró díẹ̀, fi mítà rí i dájú pé ó ti di òdo, lẹ́yìn náà ni kí o fi wáyà tí kò ní rèsísítọ̀ so ibẹ̀ mọ́ ara irin títí tí iṣẹ́ yóò fi parí. Nígbà tí o bá ń wọn fóltéèjì nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó ṣiṣẹ́, kí èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ.

Wo wáyà iná pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì ti ìgbà àtijọ́, fi ẹlẹ́nu mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ kí ara irin ẹ̀rọ lè ní ilẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké tó so wáyà iná mọ́ ara irin gbọ́dọ̀ di irú tí wọ́n fi Y sàmì sí lára, nítorí pé irú ìyẹn ni wọ́n ṣe kí ó má baà dì pọ̀ kó sì gbé iná ògiri lé ara irin bí ó bá bàjẹ́.

Ohun kan ṣì kù. Kàpásítọ̀ tó dènà iná gíga kó má bàa lọ sí éríà lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí choke (wáyà wíwé) kan wà láti ẹnu éríà sí ara irin, èyí tí yóò fa iná náà sílẹ̀ kí fíúsì lè já. Bí tìrẹ kò bá ní in, fi ọ̀kan tó jẹ́ 2.5 millihenry síbẹ̀. Wáyà éríà tó ní 600 fóltì lára lè pa ọmọdé tó bá ń ṣeré nínú ọgbà.

Ìyá Ìgbì Kúkúrú (London)

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Bàbá sọ. Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọ̀rọ̀ lé e lórí ìṣòro náà gan-an.

Bí 6146 bá ń gba kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ láìtẹ kíì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gíríìdì rẹ̀ kò dí ọ̀nà mọ́. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Èkíní, kàpásítọ̀ tó so píléètì 6CL6 kejì mọ́ gíríìdì 6146 ti ń jò, ó sì ń jẹ́ kí fóltéèjì pọ́sítíìfù láti ìpele yẹn kọjá sí gíríìdì. Èkejì, afẹ́fẹ́ ti wọnú túúbù fúnra rẹ̀, gíríìdì rẹ̀ sì ń di pọ́sítíìfù láti inú wá. Ẹ̀kẹta, fóltéèjì nẹ́gẹ́tíìfù tó yẹ kó máa dì í mú kò dé ibẹ̀, bóyá nítorí díódì tàbí rèsísítọ̀ kan tó ti já.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń ya wọn sọ́tọ̀, kò sì gba owó. Fi ẹnu mítà dúdú sí ara irin, fi pupa sí ẹsẹ̀ karùn-ún sọ́kẹ́ẹ̀tì 6146, ìyẹn ẹsẹ̀ gíríìdì, tan ẹ̀rọ láìtẹ kíì, kí o sì ka nọ́ńbà. Nẹ́gẹ́tíìfù ló yẹ kó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, pa ẹ̀rọ, fa iná gíga kúrò gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí, yọ 6146 kúrò pátápátá, tún tàn án, kí o sì tún wọn ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn kan náà. Bí pọ́sítíìfù bá pòórá nígbà tí túúbù kò sí níbẹ̀, túúbù ló jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì wà, kàpásítọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ òdo lásán, tí kò lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù, ọ̀nà tí fóltéèjì nẹ́gẹ́tíìfù ń gbà wá ni kí o tọpa rẹ̀ padà.

Ibi tí ewu àyẹ̀wò yìí wà ni èyí. Nígbà tí o bá yọ túúbù, ìdè irin tó máa ń wà lórí fìlà rẹ̀ yóò máa rọ̀ dirodiro pẹ̀lú iná gíga lára. Fi ìdérí ọ̀rá tó nípọn bò ó, kí o sì dè é kúrò lára irin. Má sì ronú pé o lè fi túúbù sílẹ̀ kí o kàn yọ ìdè fìlà rẹ̀. Bí sikiríìnì (gíríìdì kejì inú túúbù) bá ní fóltéèjì tí píléètì kò ní, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì á wọ́ lọ sórí sikiríìnì, á sì jó o run kí o tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ 6146 tó dára ló ti kú báyìí.

Fi etí sí èyí náà: mítà onínọ́ńbà máa ń ṣe wèrè bí ìgbì rédíò bá wọ inú rẹ̀. Àwọn ìwọ̀n tí mo sọ yìí, láìtẹ kíì ni gbogbo wọn.

Kàpásítọ̀ Tuntun (Chicago)

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, mo rò pé à ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀rọ tó ti wà láti àwọn ọdún 1960 ni à ń sọ. Kí a pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ àti gbogbo rèsísítọ̀ inú rẹ̀ ní ìjókòó kan, kí a sì tó wá tàn án. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe gbogbo tèmi.

Bàbá Túúbù (Houston)

Ọ̀gbẹ́ni, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá tó ń tẹ́ iná pẹrẹsẹ, àwọn tó ní omi kẹ́míkà nínú, mo gbà pé kí a pààrọ̀ wọn láìjiyàn, nítorí pé wọ́n máa ń gbẹ, bí ọ̀kan bá sì dì pọ̀, ó lè mú díódì àti tiransifọ́mà lọ. Tiransifọ́mà DX-60 kò ṣeé rí rà lọ́jà bí túúbù. Ní ti àwọn kékeré tí a fi mica tàbí amọ̀ sun ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì máa ń dára lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Bí a bá pààrọ̀ ogún nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà tí àléébù tuntun sì yọjú, bóyá wáyà tí a jó mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, a kò ní mọ èwo nínú ogún náà ló fà á. Ní ìpele ìgbì gíga, gígùn ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ àti ibi tó dúró sí wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún, kí a sì fọwọ́ kan ibẹ̀ nìkan.

Àbúrò, kí o tó tún tàn án, so gílóòbù 100 watt onífìlámẹ́ǹtì mọ́ ojú ọ̀nà wáyà iná rẹ̀, kí iná gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò rẹlẹ̀, ohun kan ti dì pọ̀ nínú ẹ̀rọ, gílóòbù sì ni yóò gba ìyà náà dípò tiransifọ́mà. Bí ó bá tàn díẹ̀ tó sì rẹlẹ̀, o lè máa bá iṣẹ́ lọ. Yọ gílóòbù náà kúrò kí o tó wọn ohunkóhun, nítorí pé ó ń dín fóltéèjì kù.

ỌmọRédíò (Maryland)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ ńlá, gílóòbù sì rẹlẹ̀ dáadáa. Mo wọn ẹsẹ̀ karùn-ún: pọ́sítíìfù 9 fóltì láìtẹ kíì. Mo yọ 6146, mo bo ìdè fìlà rẹ̀ bí Ìyá ṣe wí, mo tún wọn ọ́n, ó ṣì wà ní pọ́sítíìfù, ó tilẹ̀ ga díẹ̀ sí i. Mo wá yọ kàpásítọ̀ náà, mo sì fi mítà tó ń wọn kàpásítọ̀ wò ó. Mítà náà ní ó dára, iye rẹ̀ sì pé. Ọ̀rọ̀ wá rú mi lójú.

Ìyá Ìgbì Kúkúrú (London)

Má jẹ́ kó rú ọ lójú. Mítà yẹn ń fi fóltì díẹ̀ péré wò ó, nígbà tó jẹ́ pé nínú ẹ̀rọ, ó ju 200 fóltì lọ tí kàpásítọ̀ náà ń dúró tì. Jíjò rẹ̀ kì í hàn àfi lábẹ́ ẹrù. Jó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan padà sí ọ̀dọ̀ 6CL6, kí èyí tó yẹ kó lọ sí gíríìdì wà lófìfo nínú afẹ́fẹ́. Tan ẹ̀rọ, kí o sì fi mítà wọn láti ẹsẹ̀ òfìfo yẹn sí ara irin. Kàpásítọ̀ tó dára yóò jẹ́ kí nọ́ńbà fò sókè lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà sí òdo. Èyí tó ń jò yóò dúró sókè níbẹ̀ ni, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o bá ń rọ́pò rẹ̀, iye tí ìwé ẹ̀rọ kọ ni kí o lò, kí fóltéèjì tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ jẹ́ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú.

ỌmọRédíò (Maryland)

Ó dúró sókè ní tòótọ́, ó ju 60 fóltì lọ, kò sì sọ̀. Mo ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gíríìdì ti di nẹ́gẹ́tíìfù, mítà PLATE wà ní òdo títí mo fi tẹ kíì, píléètì 6146 kò sì pọ́n mọ́. Lórí báńdì 80 àti 40 (gígùn ìgbì ní mítà), kọ́rẹ́ǹtì gíríìdì dé 3 mílíámpù wẹ́rẹ́, bí mo sì ti ń yí kọ́ńdẹ́ńsà píléètì, mo rí i tí abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ojú kan pàtó, tó sì tún gòkè nígbà tí mo kọjá ibẹ̀. Inú mi dùn gidigidi.

Ohun tó kù ni báńdì 15. Kírísítà mi jẹ́ 7.030 MHz, irú FT-243 ti ìgbà ogun. Lórí 15, gíríìdì kò ju bí ìdajì mílíámpù lọ. Ṣé 6146 tí mo ní ti rẹ̀ ni?

Ìyá Ìgbì Kúkúrú (London)

6146 kọ́. Gíríìdì rẹ̀ ń gba ohun tí wọ́n bá fún un ni, ẹni tó yẹ kó fún un ni kò fún un tó. Ronú sí ọ̀nà tí ìgbì náà ń gbà: 7.030 tí a sọ di ìlọ́po mẹ́ta ló ń di 21.090 lórí báńdì 15, ìlọ́po mẹ́rin ló sì ń di 28.120 lórí báńdì 10. Gbogbo ìlọ́po ló ń jẹ nínú agbára, nítorí náà bí àìlera kékeré kan bá wà ní ìpele méjèèjì tó ṣáájú, kò ní hàn lórí 40 níbi tí agbára ti pọ̀ jù ohun tí a nílò, àmọ́ yóò hàn lórí 15, yóò sì burú sí i lórí 10.

Ibi mẹ́ta ni màá wò, bí mo ṣe tò wọ́n yìí. Kírísítà ná: FT-243 ní àwẹ́ òkúta kírísítà tín-ín-rín kan láàárín àwo irin méjì pẹ̀lú spíríìngì tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìdọ̀tí àti ìpata ọjọ́ pípẹ́ máa ń mú un lọ́ra. A lè tú skúrúù mẹ́ta rẹ̀, kí a fi ẹ̀gbẹ́ di àwẹ́ náà mú, kí a fi ọtí isopropyl fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kó gbẹ, kí a sì tò ó padà bó ṣe wà. Má fi ohun líle ha á rárá, nítorí pé bí ó bá fi díẹ̀ tín-ín-rín sí i, ìgbì rẹ̀ yóò gòkè kúrò níbi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, súwíìṣì báńdì. Irin tó ń pàdé ara wọn nínú rẹ̀ ti dúdú. Omi ìfọ súwíìṣì díẹ̀ lórí igi òwú, kì í ṣe fífọ́n káàkiri, kí o sì yí i síwá sẹ́yìn. Ìpele 6CL6 méjèèjì ló kẹ́yìn: fi fóltéèjì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wé àtẹ fóltéèjì inú ìwé ẹ̀rọ. Àwọn rèsísítọ̀ èédú ìgbà náà máa ń pọ̀ sí i ní iye bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí èyí tó ń bọ́ sikiríìnì 6CL6 bá sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, fóltéèjì sikiríìnì á rẹlẹ̀, ìpele náà á sì di ọ̀lẹ.

Bí o bá wá ra 6146 lọ́jọ́ iwájú, wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. 6146B tó jáde lẹ́yìn náà kò bá ti àkọ́kọ́ mu ní gbogbo ọ̀nà, nínú àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe fún 6146 lásán, ó sì lè mú kí ìpele àṣekágbá máa bí ìgbì fúnra rẹ̀ àfi bí a bá tún un ṣe.

Ará Bódìjà (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí mi láti Atlanta. Iná wa níbí jẹ́ 230 fóltì, 50 hertz. Ṣé tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120 ti tó?

Bàbá Túúbù (Houston)

Má bínú kankan, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni. Fóltéèjì nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Tiransifọ́mà inú DX-60, 60 hertz ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 50 hertz, irin àárín rẹ̀ yóò máa gbé ẹrù tó fi ìdá márùn-ún kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní fóltéèjì kan náà, yóò sì máa gbóná. Bí a bá ní kí a sọ fóltéèjì kalẹ̀ sí 100 kí irin lè sinmi, 6.3 fóltì tó ń mú túúbù gbóná yóò rẹlẹ̀ jù. Ibi tí mo rò pé ó dára ni 110: ẹ̀rọ yìí, 117 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí, nítorí náà 110 yóò fún hítà ní nǹkan bíi 5.9 fóltì, èyí tí túúbù lè gbà láìsí wàhálà. Ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110, kó jẹ́ 500 VA, kí ó sì jókòó lẹ́yìn stabilizer, nítorí pé iná tó bá gòkè sí 260 lójijì kò ní ṣàánú tiransifọ́mà rẹ. Fọwọ́ kan ẹ̀yìn tiransifọ́mà DX-60 lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, dín àkókò ìtàtagbà kù. Àbúrò ní Maryland náà gbọ́dọ̀ wọn iná ilé rẹ̀, nítorí pé ibi tí iná bá ti jẹ́ 124 tàbí 125, ohun gbogbo inú ẹ̀rọ ń ga ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ ní 1962 lọ.

ỌmọRédíò (Maryland)

Iná ilé mi jẹ́ 123. Màá wá ohun tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí 117. Ní ti báńdì 15, kírísítà kò ní àléébù, ṣùgbọ́n rèsísítọ̀ tó ń bọ́ sikiríìnì 6CL6 kejì ti fi ìdajì ga ju iye tí àwọ̀ ara rẹ̀ sọ lọ. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ti fọ súwíìṣì báńdì. Kọ́rẹ́ǹtì gíríìdì ti dé 2.5 mílíámpù lórí 15. Báńdì 10 ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Ìgbì Kúkúrú (London)

O káre. Kí o tó so éríà mọ́ ọn, jẹ́ kí dummy load wà níbẹ̀, gbé rédíò tí o fi ń gbọ́ sí yàrá kejì, kí o sì wá ohùn rẹ ní 21.090, lẹ́yìn náà ní 14.060 àti 28.120. Bí ti 14.060 bá lágbára ju ti 21.090 lọ, ojú tí o yí kọ́ńdẹ́ńsà ìpele kejì sí jẹ́ ti ìlọ́po méjì, o sì gbọ́dọ̀ wá ojú kejì tí mítà gíríìdì ti gòkè. Kọ nọ́ńbà tí ọ̀pá kọ́ńdẹ́ńsà náà dúró sí lórí báńdì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹ̀rọ. Ní ti báńdì 10, dán 6CL6 mìíràn wò ní ìpele kejì, kí o sì sọ iye tí gíríìdì dé fún wa.